Lórí "apadàsẹ́yìn" àti "ṣe bí": èsì sí àbá ọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ trans

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè wa o.

Mo ti ka àbá ẹ̀gbọ́n wa lórí bí a ó ṣe máa túmọ̀ ìwádìí nípa àwọn ọmọdé tó ní àwọn kì í ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin tí wọ́n pe àwọn nígbà ìbí. Wọ́n ní kí a máa pe àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kò yẹ̀ lẹ́nu wọn títí wọ́n fi bàlágà ní "adúróṣinṣin", kí a sì pe àwọn yòókù ní "apadàsẹ́yìn". Mo dúpẹ́ fún ìsapá wọn, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ ọn.

Ẹni tó bá ti jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì rí mọ ẹni tí à ń pè ní apadàsẹ́yìn. Mo ka gbólóhùn náà sétí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin láìsọ ohun tí ó dá lé, ohun tí wọ́n sì kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ẹ̀ṣẹ̀ wo làwọn ọmọ náà dá?" Ẹ jẹ́ kí a lo "àwọn tó ń bá a lọ" àti "àwọn tí kò bá a lọ mọ́". Ó gùn, ṣùgbọ́n kò yin ẹnikẹ́ni, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Kí a sì ya "àwọn tí a kò gbúròó wọn" sọ́tọ̀, nítorí pé nínú ìwádìí tí Steensma àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2013 láti ilé ìwòsàn kan ní Amsterdam, ní ilẹ̀ Netherlands, 80 nínú ọmọ 127 ni wọ́n kà mọ́ àwọn tí kò bá a lọ mọ́ nígbà tí wọn kò padà wá sí ilé ìwòsàn náà, bẹ́ẹ̀ àwọn kan nínú wọn kò dáhùn ìbéèrè tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wọn rárá.

Èyí tó ká mi lára jù ni ọ̀rọ̀-ìṣe. "Ọmọkùnrin tó ń ṣe bí obìnrin" ni àbá náà lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọmọ ọdún 5 tó fi ìborùn ìyá rẹ̀ wé gèlè, tó sì pọn bèbí sẹ́yìn, ń ṣe bí obìnrin lóòótọ́. Èyí tó ní ìbá wu òun kí òun jẹ́ obìnrin ń fẹ́ nǹkan. Èyí tó fẹsẹ̀ janlẹ̀ pé obìnrin ni òun ń sọ ohun tí ó jẹ́; ẹ wo "òun" yẹn, bó ṣe fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ sẹ́nu ọmọ tó sọ ọ́, tí kò gbé e sẹ́nu ẹni tó ń ròyìn. Orí ìyàtọ̀ yìí gan-an ni apá kan àríyànjiyàn àwọn olùwádìí dúró lé. Ṣáájú ọdún 2013, ìwé tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà fi ń ṣe àyẹ̀wò gbà kí ọmọ bọ́ sí ìsọ̀rí àwọn ọmọ tí à ń sọ̀rọ̀ wọn yìí nípa ìṣe rẹ̀, bí kò tilẹ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ jẹ́ ẹlòmíràn. Ẹ̀dà karùn-ún ló sọ ìfẹ́ tàbí ìtẹnumọ́ yẹn di dandan. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ní ọ̀pọ̀ ọmọ inú ìwádìí àtijọ́ kò lè "dáwọ́ dúró", nígbà tí wọn kò bẹ̀rẹ̀ rí.

Kenneth Zucker, olùwádìí tó ṣiṣẹ́ ní Toronto ní ilẹ̀ Kánádà, kò gbà bẹ́ẹ̀. Èrò tirẹ̀ ni pé bí òbí bá tètè yí orúkọ àti aṣọ ọmọ padà, èyí fúnra rẹ̀ lè mú kí ọmọ máa bá a lọ. Kristina Olson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀lé ọmọ 317 tí irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ ti bá. Èsì wọn tó jáde ní ọdún 2022 fi hàn pé lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 5, ìdá 94 nínú ọgọ́rùn-ún ṣì ń bá a lọ. Ṣé ìyípadà náà ló fà á ni, àbí àwọn ọmọ tó dá lójú jù lọ ni òbí gbà fún? Ẹ wá wo bí Yorùbá ṣe ń dáhùn kí á tó béèrè: "wọ́n sọ ọ́ di ọmọbìnrin" ti di ẹrù náà lé òbí lórí, "wọ́n gbà fún un" sì ti gbé e fún ọmọ. Nínú ìtumọ̀ tiwa, mo bẹ̀ yín, kí a kọ ọ́ pé "wọ́n ń pè é ní ọmọbìnrin".