Afẹ́pojó àbí afínpojó? Lórí orúkọ tó yẹ bọ́nà olóróró

Ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín o.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé kí la máa pe bọ́nà (burner) olóróró ní Yorùbá, ìyẹn ẹ̀rọ tí àwọn kan ń fọwọ́ ara wọn kàn ní Bìrìtìkó àti Amẹ́ríkà, èyí tó ń sun òróró tí wọ́n ti fi dín nǹkan, tí iná rẹ̀ sì ń mú omi gbóná nínú bọ́ílà, ẹ̀rọ olómi gbígbóná tí wọ́n fi ń mú ilé móoru nígbà òtútù. Àbúrò wa tó mú ọ̀rọ̀ náà wá dábàá "ìdáná epo ewébẹ̀". Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó jókòó dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n ti ewébẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ ni ewébẹ̀, ewédú ni, gbúre ni. Ta ló fún epo lára ewédú rí? Òróró ni ọjà wa ń pè é, ìbáà jẹ́ ti ẹ̀pà, ìbáà jẹ́ ti sóyà. Epo pupa ń ti ara ẹyìn wá, àdín ń ti inú ekuro wá, kò sì sí ìyálọ́jà tó máa bu àdín fún ọ tó o bá ní òróró lo fẹ́ rà. Ìyàtọ̀ yìí kan ẹni tó ń kan bọ́nà gan-an. Òróró rapeseed (irúgbìn kan tí wọ́n ń fún òróró lára rẹ̀) tí wọ́n fi ń dín nǹkan ní Bìrìtìkó á máa ṣàn nínú òtútù ibẹ̀, ṣùgbọ́n epo pupa á dì, á sì dí páìpù kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tó bá ka "epo" nínú ìlànà kíkàn rẹ̀ tí a fẹ́ túmọ̀ sí Yorùbá lè da epo pupa sínú táǹkì. Nítorí náà, kí a kọ òróró.

Èyí tí wọ́n ti lò ńkọ́? Ẹnìkan dá "àdínkù" lábàá, pé ohun tó kù lẹ́yìn dídín ni. Àdínkù ti níṣẹ́ lọ́wọ́: ohun tó dín kù la fi ń pè. Àlòkù wà nílẹ̀, gbogbo ẹni tó ti ra mọ́tò tàbí fíríìjì àlòkù rí ló mọ̀ ọ́n. Òróró àlòkù ti tó.

Ó wá ku ìdáná, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Ààrò ni ìdáná ń mú wá sí wa lọ́kàn, ohun tí a ń ki igi bọ̀. Ẹ da òróró sínú abọ́, kí ẹ ju ìṣáná tó ń jó sí i: ìṣáná ni yóò kú. Kẹrosíìnì tí àwọn bọ́ílà ilé ń jó ní Bìrìtìkó lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbaná láti nǹkan bí 38 °C sókè, ṣùgbọ́n òróró ní láti gbóná kọjá 300 °C kí oru rẹ̀ tó gbaná. Àwọn baba wa rí ọgbọ́n sí i nínú fìtílà: òwú ń fa àdín gòkè díẹ̀díẹ̀, iná sì ń jó ìwọ̀nba tó fà. Iṣẹ́ òwú ni bọ́nà yìí ń ṣe láìní òwú. Ó ń sọ òróró di ìkùukùu kí ó tó jó o. Ohun tó ń ṣe sí òróró ló yẹ kí orúkọ rẹ̀ sọ.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣe é. Bọ́nà tí wọ́n ń tà lọ́jà máa ń fi pọ́ǹpù ti epo gba ihò tíńtín kan jáde. Ní 40 °C, òróró ki ju kẹrosíìnì lọ ní ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó kéré tán, èérún ohun tí wọ́n dín sì wà nínú àlòkù. Ihò náà á dí. Ọ̀nà kejì ni ti Robert Babington, ará Amẹ́ríkà, tó ti wà láti àwọn ọdún 1960, òun sì ni àwọn tó ń kàn án nílé fẹ́ràn. Bọ́ọ̀lù idẹ tí inú rẹ̀ ṣófo ni, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń lo kókó ilẹ̀kùn. Wọ́n á lu ihò kan ṣoṣo sí iwájú rẹ̀, tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju 0.25 mm lọ. Òróró á máa ṣàn láti òkè bo ara bọ́ọ̀lù ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́, á máa ti afẹ́fẹ́ tí agbára rẹ̀ tó bíi 15 psi (ìwọ̀n tí a fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà) láti inú bọ́ọ̀lù gba ihò náà jáde. Afẹ́fẹ́ yìí ló ń ya òróró tó bo ojú ihò, tó ń gbé e lọ bí ìrì. Èyí tó pọ̀ jù nínú òróró á kán sílẹ̀ sínú abọ́, pọ́ǹpù á sì dá a padà sókè. Òróró kò gba inú ihò kọjá rárá, nítorí náà èérún kò lè dí i.

Ìdí nìyí tí mo fi dúró lórí *fẹ́*, tí n kò fi gba *afínpojó* tí àwọn kan dábàá: ohun tí a bá ń fín, inú ihò ló ń gbà jáde. Bí obìnrin bá ń fẹ́ ẹ̀wà, ẹ̀wà kì í gba inú ihò kankan. Afẹ́fẹ́ ló ń gba ara rẹ̀ kọjá, tó ń mú èyí tó fúyẹ́ lọ, èyí tó wúwo á bọ́ sílẹ̀. Ohun tí bọ́ọ̀lù idẹ ń ṣe sí òróró nìyẹn gẹ́lẹ́. Àbá mi ni *afẹ́pojó*. Mo fi epo sínú rẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀, torí ẹ̀rọ náà lè jó kẹrosíìnì àti dísù pẹ̀lú.

Ẹni tó máa túmọ̀ ìlànà rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ọ̀rọ̀ méjì mìíràn dáadáa. Àkọ́kọ́ ni *ki*. Bí òróró bá tutù, yóò ki, èyí tó bo bọ́ọ̀lù á nípọn, ẹ̀kán ńlá ni afẹ́fẹ́ á máa gbé, iná á pọ́n, èéfín dúdú á sì lẹ̀ mọ́ inú bọ́ílà. Wọ́n ní láti mú un gbóná tó 70 sí 90 °C kí ó tó dé orí bọ́ọ̀lù. Ìkejì ni *ta*. Bí omi bá wà nínú òróró àlòkù, iná á máa ta pápàpá, á sì lè kú. Ibi tí ewu wà nìyí: bí iná bá kú tí ìkùukùu kò dáwọ́ dúró, yóò kún inú bọ́ílà, tó bá wá gbaná lẹ́ẹ̀kan, yóò bú gbàmù. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ yékéyéké pé kí wọ́n jẹ́ kí àlòkù tòrò fún ọjọ́ mélòó kan níbi tó móoru, kí wọ́n fa omi àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kúrò nísàlẹ̀, kí wọ́n tó sẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ kékeré tó ń wo iná, tó ń pa afẹ́fẹ́ bọ́ọ̀lù bí iná bá kú, ẹnìkan pè é ní *aṣọ́ná*. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n bí àmì ohùn bá sọnù, aṣọ́nà ni yóò dà. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ *olùṣọ́ iná*.

Bọ́ílà ní tirẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àbá "ìkòkò ahómi" kò tọ̀nà, omi inú rẹ̀ kì í hó.

Ìdáhùn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo gba òróró, mo gba àlòkù. *Fẹ́* ni n kò gbà. Ẹni tó bá rí afẹ́pojó yóò kà á sí ẹni tó fẹ́ kí epo jó, bí a tilẹ̀ fi àmì ohùn sí i, torí ohùn kan náà ni fẹ́ méjèèjì ní. *Afínpojó* ni kí a mú. Ẹ ní fín kò bá a mu nítorí pé òróró kò gba inú ihò, ṣùgbọ́n ẹ wo ilé arọ́. Ọmọ tó ń tẹ ẹwìrì, *iná ló ń fín*, afẹ́fẹ́ nìkan ló sì ń gba ẹnu ẹwìrì jáde. Àwọn alágbẹ̀dẹ ti ń lo fín fún afẹ́fẹ́ tó ń bá iná ṣiṣẹ́ kí a tó máa fi fín oògùn ẹ̀fọn. Ọ̀rọ̀ náà gba bọ́nà méjèèjì.

Mo tún fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un, *oje*. Òróró gbígbóná tó ń lọ tó ń bọ̀ máa ń di ohun tó ń fà bí oje igi, ó sì ń lẹ̀ mọ́ páìpù. Bàbà ló ń mú un yá kánkán, nítorí náà kí ìlànà wa má ṣe sọ pé kí wọ́n lo páìpù bàbà, irin ni. Bàbà wà nínú idẹ náà, nítorí náà, ẹni tó bá lo bọ́ọ̀lù idẹ ní láti máa nu oje kúrò lójú ihò déédéé. Aṣọ tó fi nù ún, kó má ká a jọ sí kọ̀rọ̀: òróró inú rẹ̀ lè gbóná fúnra rẹ̀ títí yóò fi gbaná.