Àbọ̀ lórí ẹ̀bùn tí mo fẹ́ fọwọ́ ṣe: ọwọ́ mi ti tú

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo wá jábọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni mo sọ fún yín pé ìwé kéékèèké 5 ni mo fẹ́ fọwọ́ rán fún àwọn ọ̀rẹ́ mi, pé bébà wà, òwú wà, àmọ́ bí mo bá ti jókòó tì í, orí mi á kàn ṣófo.

Ìmọ̀ràn tó ṣiṣẹ́ jù ni ti ẹni tó ní kí n kọ́kọ́ rán èyí tí mi ò ní fún ẹnikẹ́ni. Mo ká bébà 8 sí méjì, mo lu ihò 3 sójú ibi tí mo ti ká a, mo fi ìda pa òwú kó má baà lọ́. Mo ti inú gba ihò àárín jáde, mo gba ti òkè wọlé, mo fo àárín, mo jáde ní ti ìsàlẹ̀, mo tún gba àárín wọlé, mo ta kókó. Ó wọ́ díẹ̀. Àmọ́ bí mo ṣe ń rán an lọ ni mo ń rí àwọn ọ̀rẹ́ mi lọ́kàn: ọ̀kan ń yàwòrán, bébà tó nípọn ló yẹ é!

Ti pé kí n máa wo iṣẹ́ àwọn ẹlòmíì, ká sọ tòótọ́, ẹ̀rù ló fi kún tèmi.

Mẹ́rin ti dé ọwọ́ àwọn tó ni wọ́n. Ìkarùn-ún wà lórí tábìlì, ó ku èèpo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ ṣeun gan-an ni.