Eré sísá àti oúnjẹ tí mo dín kù ti da nǹkan oṣù mi rú

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ìgbà tí mo ti ń sáré láàárọ̀ láti Pansẹ́kẹ́ dé Òkè-Mosàn, tí mo sì ti pa láfún alẹ́ tì, nǹkan oṣù mi kì í dé lásìkò mọ́. Tó bá dé, ẹ̀jẹ̀ á kàn ta sí páàdì díẹ̀, á sì dá. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe oyún. Mo mọ̀ pé bí oúnjẹ kò bá tó agbára tí ara ń lò, ọpọlọ lè dá iṣẹ́ ẹyin dúró. Ìyẹn ń bà mí lẹ́rù gan-an, torí mo fẹ́ bímọ. Ta ló ti rí irú èyí? Ṣé kí n dín eré kù ni, àbí kí n padà sídìí láfún? Àbí kí n kọ́kọ́ lọ rí dókítà?