Ọkọ̀ ojú omi tí mi ò tíì kàn tán: kí n tà á, kí n fi tọrẹ, àbí kí n parí ẹ̀?

Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú tọ́rọ̀ mi bá gùn díẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi onípákó kan wà lẹ́yìnkùlé mi tí mo ń tún ṣe, mo ti pààrọ̀ pákó ìsàlẹ̀ tó jẹrà, mo ti fi fáíbà bo ìdí ẹ̀, àmọ́ kò ní ẹ́ńjìnì, kò sí wáyà nínú ẹ̀, tapólì tí mo fi bò ó ti ya, omi òjò wá ń dúró sínú ẹ̀. Ibi tí ẹ́ńjìnì máa jókòó, tẹ́ ẹ bá fìka tẹ̀ ẹ́ báyìí, ó ti ń rọ̀ bíi búrẹ́dì.

Mo ti gbé e síta fún títà, owó táwọn èèyàn ń dá lé e ò tó owó fáíbà lásán. Mo fi lọ iléèwé kan tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ ọkọ̀ kíkàn, wọ́n ní àfi tó bá níwèé, ìwé ẹ̀ sì ṣì wà lórúkọ ẹni tó tà á fún mi. Kí n parí ẹ̀ ló wù mí jù, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì nìkan á gbówó ju ọkọ̀ fúnra ẹ̀ lọ (ìyàwó mi sì ti ń bèèrè ẹ̀yìnkùlé ẹ̀).

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹ̀, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, èwo lẹ máa ṣe nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ẹ ṣé o, mo ti ń dúpẹ́ sílẹ̀.