Ọ̀gá mi ní àìsàn òyìnbó ni òkúta inú kíndìnrín: ṣé kí n fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí mi?

Dókítà Kékeré
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì mọ̀ pé oríṣiríṣi èèyàn ló wà níbí: dókítà, nọ́ọ̀sì, olùkọ́ fáfitì, àti àwọn tó ti jápa.

Mo ń kọ́ iṣẹ́ abẹ ọ̀nà ìtọ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní ilẹ̀ Yorùbá. Mo ti yege ìdánwò Part 1, ó ku kí n mú àkòrí ìwádìí tí n ó kọ fún Part 2, ìdánwò àṣekágbá wa. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Gbogbo àwọn tó ṣáájú mi, orí próstéètì, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀, ni wọ́n kọ tiwọn lé. Ó yé mi, òun ló kún wọ́ọ̀dù wa. Àmọ́ òkúta inú kíndìnrín ni ọkàn mi fà sí. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọ̀gá mi, ẹ̀rín ni wọ́n rín. Wọ́n ní, "Àìsàn òyìnbó nìyẹn. Níbo lo ti fẹ́ rí aláìsàn tó máa tó o kọ ìwé?"

Ohun tí mo ń rí ní kílíníìkì ò jọ ohun tí wọ́n wí. À ń rí awakọ̀, à ń rí alágbẹ̀dẹ, à ń rí àwọn ọ̀dọ́ tí ẹ̀gbẹ́ ríro gbé dé lóru, tí wọ́n ti lo oògùn jẹ̀díjẹ̀dí títí kó tó sú wọn. A ò ní lésà, ẹ̀rọ onímọ́lẹ̀ tó ń fọ́ òkúta láìla ara. Ẹni tó lówó lọ́wọ́, a ó júwe ilé ìwòsàn aládàáni fún un. Ẹni tí kò ní, ọ̀bẹ la fi ń là á lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Mo fẹ́ di olùkọ́ fáfitì tí mo bá parí. Ìyàwó mi ní ká máa lọ sí Ìlú Ọba, kí n jáwọ́ nínú ìwádìí tí kò mówó wálé. Ṣé èèyàn lè ti ara òkúta kíndìnrín di ọ̀jọ̀gbọ́n? Ṣé ilé ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ àbí òkè òkun? Níbo lowó ẹ̀ ti máa wá? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Bọ̀dá Peckham
Àbúrò, gbọ́ ti ìyàwó ẹ. Ọ̀rọ̀ tán.

Àgbà Oníkíndìnrín
Bọ̀dá Peckham, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ dá ọmọ yìí lóhùn.

Ọmọ mi, ẹ̀ka kíndìnrín ni mo ti fẹ̀yìn tì, n kì í ṣe oníṣẹ́ abẹ. Ọ̀gá rẹ kò purọ́. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn dókítà wa fúnra wọn kọ ọ́ sínú ìwé ìmọ̀ pé òkúta ọ̀nà ìtọ̀ ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà. Ní Amẹ́ríkà títí dòní, kì í mú aláwọ̀ dúdú tó bó ṣe ń mú aláwọ̀ funfun. Ṣùgbọ́n wo ìgbà tí wọ́n kọ ìyẹn: kò tíì sí CT lọ́dọ̀ wa, ta ló rí síkáànù ṣe? Ó lè jẹ́ pé ó ṣọ̀wọ́n lóòótọ́, kí oúnjẹ wa tó yí padà. Ó sì lè jẹ́ pé ó ti wà lára wa tipẹ́, a kàn ń pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí. Èwo ni ká mú níbẹ̀? Ìbéèrè yẹn nìkan tó iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n.

Má jẹ́ kí "gbogbo èèyàn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀" dẹ́rù bà ọ́. Nígbà tí èmi wà nílé ìwé, ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé kí ẹni tí òkúta calcium bá mú sá fún wàrà, torí calcium pọ̀ nínú rẹ̀. Ó bọ́gbọ́n mu, àbí? Ní 1993, Gary Curhan àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọkùnrin 45,619: àwọn tó ń jẹ calcium dáadáa nínú oúnjẹ ni òkúta kì í sábà mú. Àwọn kan ṣì ń jiyàn. Ní 2002, Loris Borghi ní ìlú Parma, ní Ítálì, wá pín ọkùnrin 120 tí òkúta ti mú rí sí méjì, ó sì ń ṣọ́ wọn fún ọdún 5. Àwọn 60 sá fún calcium. Àwọn 60 yòókù jẹ ẹ́ bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n wọ́n dín iyọ̀ àti ẹran kù. Òkúta padà mú 23 nínú àwọn tó sá fún un, 12 péré ló padà mú nínú àwọn tó jẹ ẹ́. Inú ìfun ni àṣírí náà wà. Calcium oúnjẹ máa ń di oxalate, èròjà kan tó wà nínú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀pà, mú níbẹ̀, wọ́n á jọ bá ìgbẹ́ jáde. Tí kò bá sí calcium tó máa dì í mú, oxalate á wọ ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín ló sì máa gbà jáde, ibẹ̀ ló ti lè di òkúta.

Borghi yìí náà ló ṣe ìwádìí omi mímu ní 1996. Omi lásán o! Lẹ́yìn ọdún 5, òkúta padà mú 12 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń mu omi gan-an, ó padà mú 27 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò yí ìṣe wọn padà. Ìwọ ń béèrè owó lésà.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní Seattle
Ẹ ṣeun, bàbá. Ẹ jẹ́ n fi ti àwọn oníṣẹ́ abẹ kún un, torí iṣẹ́ wọn ni àbúrò wa fẹ́ ṣe. Nọ́ọ̀sì ni mí níbí.

Alexander Randall jẹ́ oníṣẹ́ abẹ ọ̀nà ìtọ̀ ní University of Pennsylvania. Ilé òkú ni ibi ìwádìí tirẹ̀. Ó ń la kíndìnrín òkú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yẹ ṣóńṣó inú rẹ̀ wò, ó sì rí ohun funfun bí ẹfun tó lẹ̀ mọ́ ọn. Ní 1937 ó kọ̀wé pé orí ẹfun yẹn ni òkúta ti ń hù. Ní 2003, àwọn mẹ́ta kan àti ẹgbẹ́ wọn tún gbé ọ̀rọ̀ náà dìde: James Lingeman tó jẹ́ oníṣẹ́ abẹ ní Indianapolis, Andrew Evan tó mọ ìtò ara, àti Fredric Coe, dókítà kíndìnrín ní Chicago. Bí Lingeman bá ń yọ òkúta lọ́wọ́, á bù díẹ̀ lára ṣóńṣó yẹn, Evan á fi máíkírósíkóòpù wò ó, Coe á sọ ohun tó wà nínú ìtọ̀ aláìsàn kan náà. Báyìí ni wọ́n ṣe rí ibi tí ẹfun Randall ti ń bẹ̀rẹ̀. Àbúrò, ìwọ ni ọwọ́ rẹ máa ń dé inú kíndìnrín. Àwọn onímọ̀ yòókù ò lè débẹ̀ láìsí ìwọ.

Níbí ní Seattle, Mathew Sorensen ní University of Washington àti ẹgbẹ́ rẹ̀ béèrè ohun tí ẹ̀yin náà ń bá pàdé ní tíátà: tí mo bá ń yọ òkúta ńlá, tí mo sì rí kékeré tí kò dun aláìsàn, ṣé kí n yọ ọ́ mọ́ ọn àbí kí n fi í sílẹ̀? Lára àwọn tí wọ́n yọ tiwọn, 16 nínú ọgọ́rùn-ún ni àìsàn náà tún padà yọ lẹ́nu. Lára àwọn tí wọ́n fi tiwọn sílẹ̀, 63 nínú ọgọ́rùn-ún ni. New England Journal of Medicine, ìwé ìmọ̀ ìṣègùn ńlá, ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2022. Ẹ wá gbọ́ o: aláìsàn 73 ni gbogbo wọn. Ọ̀gá tó ní aláìsàn ò ní tó, ẹ bá mi kí wọn.

Adẹ́rìn-ínpòṣónú
Ṣé ẹ ti gbọ́ ti David Wartinger ní Michigan State University? Àwọn aláìsàn ń wá sọ fún un pé tí àwọn bá gun ọkọ̀ eré kan báyìí ní Disney World ní Florida, èyí tó máa ń já ṣòòròṣò tó sì ń gbọ̀n, òkúta máa ń jáde lára àwọn. Bàbá ò bá wọn jiyàn. Ó fi ẹ̀rọ ṣe àwòkọ kíndìnrín, ó da ìtọ̀ sí i, ó kó òkúta sí i, ó gbé e sínú báàgì, ó lọ gun ọkọ̀ náà! Ní ìjókòó ẹ̀yìn, nǹkan bí 64 nínú ọgọ́rùn-ún òkúta náà ló jáde. Ní iwájú, 17 péré. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2016, ní 2018 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Ig Nobel, èyí tí wọ́n ń fún ìwádìí tó ń pani lẹ́rìn-ín kó tó múni ronú.

Tí gbígbọ̀n bá ń lé òkúta, ọ̀nà Ṣàngó sí Abẹ́òkúta ì bá ti wo gbogbo wa sàn.

Ìyá Ìbejì
Ẹ má bínú o, èmi kì í ṣe dókítà. Wọ́n là mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ nítorí òkúta yìí. Wọ́n wé e sínú òwú, wọ́n gbé e fún baálé mi pé ohun tó ń dààmú ìyàwó yín rèé. A dúpẹ́, a lọ sílé. Kò sẹ́ni tó sọ irú òkúta tó jẹ́. Ẹnì kan ní kí n má fẹnu kan ẹ̀fọ́ mọ́, ẹnì kan ní ẹ̀pà ni, ẹlòmíràn ní kí n máa mu omi ọsàn wẹ́wẹ́ láràárọ̀. Òkúta náà ṣì wà nínú agolo nílé. Ṣé kí n jù ú nù ni?

Dókítà Kékeré
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ má jù ú nù, ẹ jọ̀ọ́! Àwa náà kì í yẹ̀ ẹ́ wò níbi tí mo wà, a ò ní ẹ̀rọ rẹ̀. Òwú náà la máa ń wé e sí.

Oníkẹ́mísírì
Ẹ̀rọ wo lẹ ò ní? Ó wà lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀ka kẹ́mísírì ni mo wà ní fáfitì, a sì ní FTIR, ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ mọ ohun tí nǹkan jẹ́, tí àwọn ọmọ ilé ìwé fi ń ṣe próójẹ́ẹ̀tì. A ó bù díẹ̀ lára òkúta, a ó lọ̀ ọ́ kúnná pẹ̀lú potassium bromide, a ó tàn ìmọ́lẹ̀ infrared gbà á kọjá. Irú òkúta kọ̀ọ̀kan ló ní àmì tirẹ̀. Àwọn ẹ̀ka jíólọ́jì náà ń fi X-ray diffraction ṣe é. Dókítà, ṣé lóòótọ́ ni pé irú tó bá jẹ́ ń yí ìtọ́jú padà?

Àgbà Oníkíndìnrín
Pátápátá. Calcium oxalate ló wọ́pọ̀ jù lágbàáyé. Tó bá jẹ́ uric acid, oògùn tó ń dín kíkan ìtọ̀ kù lè yọ́ ọ láìlo ọ̀bẹ. Tó bá jẹ́ struvite, kòkòrò àrùn ló fà á, tí wọn ò bá sì lé kòkòrò náà tán, òkúta á padà. Cystine jẹ́ ti ìdílé, ó yẹ kí wọ́n yẹ àwọn ọmọ ìyá ẹni náà wò. Ẹni tí kò mọ irú rẹ̀, kí ló fẹ́ sọ fún Ìyá Ìbejì nípa ẹ̀fọ́?

Bọ̀dá Peckham
Ẹ má rò pé àwàdà ni mo ń ṣe níṣàájú. Mo ti wà nínú iṣẹ́ yìí níbí ní Ìlú Ọba. Àbúrò, lésà lo máa fi máa ṣeré lójoojúmọ́, ọwọ́ rẹ á yá, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ipò ìkọ́ṣẹ́ gan-an, ìjà ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ṣe clinical fellow, iṣẹ́ dókítà tí kì í ṣe ipò ìkọ́ṣẹ́, láti ọdún dé ọdún, tí a wá ń kó ìwé ẹ̀rí jọ fún ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Portfolio Pathway, kí GMC, àjọ tó ń forúkọ dókítà sílẹ̀ níbí, lè kọ wá sínú ìwé àwọn ògbógi. Àkókò ìwádìí dà? Ohun tó dáa níbí ni pé ilé ìwòsàn ń para pọ̀ ṣe ìwádìí. Ìwádìí SUSPEND tí ìwé ìmọ̀ ìṣègùn Lancet tẹ̀ jáde ní 2015 kó aláìsàn tó lé ní 1,100 jọ láti ilé ìwòsàn 24, láti mọ̀ bóyá oògùn tamsulosin tí gbogbo wa ń kọ fún aláìsàn ń ti òkúta jáde lóòótọ́. Kò ju oògùn ẹ̀tàn, èyí tí kò ní nǹkan kan nínú, lọ. Ilé ìwòsàn kan ṣoṣo ò lè dá ìyẹn ṣe.

Ìyàwó ẹ ṣì ní ẹjọ́ rò o. Owó ilé ìwé ọmọ ò mọ pépà.

Àǹtí Olùkọ́
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Olùkọ́ iṣẹ́ abẹ ni mí, nílé níbí.

Àbúrò, má retí pé òkúta nìkan lo máa fi ṣiṣẹ́. Ní Nàìjíríà, próstéètì lo máa yọ láti ọjọ́ Ajé dé Ẹtì, kò sí bí o ṣe fẹ́ ṣe é. Ìwádìí rẹ ló lè jẹ́ ti òkúta. Mo sì gbà kí o ti ilé bẹ̀rẹ̀, nítorí ìbéèrè tí àwa ní, kò sí ẹni tó máa bá wa béèrè rẹ̀ ní London. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ kún fún oxalate, àwa sì ń fi ẹja gbígbẹ teegunteegun sè é, calcium sì wà nínú eegun. Báwo ni èyí ṣe ń rí nínú ìtọ̀ wa? Gba ìtọ̀ wákàtí 24 lọ́wọ́ èèyàn, wọ̀n ọ́n. Ike àti sùúrù ló gbà jù.

Ní ti ọ̀gá rẹ, má bá wọn jiyàn. Lọ sí tíátà, ka rẹ́jísítà láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, kọ gbogbo iṣẹ́ abẹ òkúta tó wà níbẹ̀ jáde. Gbé e lọ sọ́dọ̀ wọn, kí o ní, "Ọ̀gá, ẹ wo ohun tí mo rí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá ṣe alábòójútó mi." Ọ̀gá tí orúkọ rẹ̀ bá wà lórí pépà kì í pè é ní àìsàn òyìnbó mọ́. Gba ìyọ̀ǹda ìgbìmọ̀ ìwà ẹ̀tọ́ kí o tó fọwọ́ kan òkúta ẹnikẹ́ni. REDCap, ètò kọ̀ǹpútà fún àkọsílẹ̀ ìwádìí, ni kí o kó àkọsílẹ̀ sí, ọ̀fẹ́ ni fún fáfitì tó bá forúkọ sílẹ̀. Tí o bá ti di olùkọ́, TETFund, àjọ ìjọba tó ń fún fáfitì lówó ìwádìí, ni ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ tó yẹ kí o kàn. Gbé àbájáde rẹ lọ sí ìpàdé PAUSA, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ ọ̀nà ìtọ̀ ní Áfíríkà, ibẹ̀ lo ti máa rí àwọn tó ń ṣe irú rẹ̀ káàkiri Áfíríkà.

Lẹ́yìn Part 2, kọ̀wé sí Endourological Society, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn tó ń fi ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ọ̀nà ìtọ̀, fún ẹ̀kọ́ ọdún kan tàbí méjì lórí lésà àti lílu ihò gba ẹ̀yìn dé inú kíndìnrín. Tí wọ́n bá rí i pé o ní àkọsílẹ̀ òkúta tìrẹ, ojú tí wọ́n fi máa wò ọ́ á yàtọ̀. Bá ìyàwó rẹ sọ ọ́ báyẹn, kó mọ̀ pé ìrìn àjò wà níbẹ̀, kì í kàn ṣe ìsinsìnyí.

Dókítà Kékeré
Ẹ ṣeun gan-an, Àǹtí mi. Ọ̀la ni mo ń lọ bá rẹ́jísítà yẹn. Ọ̀gá Oníkẹ́mísírì, mo ti kọ̀wé sí yín ní kọ̀rọ̀.

Ìyá Ìbejì
Ẹ̀yin dókítà, èmi ńkọ́? Ṣé kí n da spirit sí òkúta náà kó má bàa bàjẹ́?

Oníkẹ́mísírì
Rárá o, mà! Ẹ má da nǹkan kan sí i, ẹ má sì fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, ẹ kó o sínú ike kékeré tó ní ìdérí, ẹ kọ orúkọ yín àti ọdún tí wọ́n yọ ọ́ sára rẹ̀. Àmọ́ ẹ dúró ná kí dókítà gba ìwé ìyọ̀ǹda rẹ̀ tán kí ẹ tó gbé e wá.