Báwo lẹ ṣe ń mọ ibi tí ọ̀rọ̀ forí tì nínú ìdánwò LSAT?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe LSAT láti kẹ́kọ̀ọ́ òfin l'Amẹ́ríkà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ wo irú ọ̀rọ̀ yìí, tí wọ́n á ní ká wá ibi tó forí tì, ìyẹn kókó tí ẹni tó sọ ọ́ fẹ́ ká gbà:

"Àwọn kan ní kí wọ́n fi kún owó bọ́ọ̀sì. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Bí owó ọkọ̀ bá wọ́n, èrò á dínkù. Nítorí náà, owó tó ń wọlé kò ní pọ̀ sí i."

"Nítorí náà" yẹn ló máa ń fa ojú mi mọ́ra, àmọ́ lójú tèmi, ẹ̀rí lòun náà jẹ́ fún "Kò yẹ bẹ́ẹ̀". Ṣé kí n kàn máa wò ó pé èwo ló ń ti èwo lẹ́yìn? Àbí ọ̀nà tó yá jùyẹn wà? Ìṣẹ́jú 35 péré ni wọ́n ń fúnni fún ìpín kọ̀ọ̀kan.