Ilé iṣẹ́ kan fẹ́ kó òṣìṣẹ́ wọn wá sábẹ́ DPC mi (direct primary care, tí wọ́n ń san owó dókítà lóṣooṣù láìgba ọ̀dọ̀ ìbánigbófò), ẹ gbà mí o

Dókítà Katy: Ẹ káàsán o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ dákun ẹ dá mi lóhùn kíákíá, mi ò rí oorun sùn mọ́jú. Bọ̀dá kan tó ní home care (iléeṣẹ́ tó ń rán òṣìṣẹ́ lọ tọ́jú èèyàn nílé wọn) ní Houston níbí fẹ́ kó àwọn òṣìṣẹ́ wọn bí ogójì wá sọ́dọ̀ mi, wọ́n á máa san owó wọn lóṣooṣù. Mo ti ń yọ̀ títí mo fi ka àgírímẹ́ǹtì tí wọ́n fi ránṣẹ́. Wọ́n ní kí n máa fi orúkọ ẹni tó bá wá rí mi àti àìsàn tó ń ṣe é ṣọwọ́ sáwọn lópin oṣù, àti pé iye kan náà làwọn á máa san bí àwọn bá tiẹ̀ gba èèyàn sí i. Mọ́ńdè ni wọ́n fẹ́ kí n fọwọ́ sí i. Kí ni ṣíṣe?

Ìyá Ìbejì Atlanta: Háà! Dókítà, ẹ má fọwọ́ sí nǹkan kan o. Orúkọ pẹ̀lú àìsàn? HIPAA, òfin Amẹ́ríkà tó ní ká bo àṣírí aláìsàn, ńkọ́? Iye èèyàn tó wá lẹ máa sọ fún wọn, ó parí. Ìyẹn gan-an, ẹ ṣọ́ ọ. Nínú ogójì èèyàn, tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ pé aláboyún kan wá, gbogbo ọ́fíìsì ti mọ ẹni tó jẹ́ nìyẹn.

Bọ̀dá Bowie: Ti owó yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ ni mo gba irú ẹ̀, wọ́n ń gba èèyàn, wọ́n ń gba èèyàn, owó tèmi ò kúrò lójú kan, nọ́ọ̀sì mi fẹ́ sá lọ. Orí ni kẹ́ ẹ fi ka owó. Kí wọ́n fi lísìtì tuntun ránṣẹ́ kí oṣù tó bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Ìbejì Atlanta: Orí ta wá ni, bọ̀dá? Gbogbo òṣìṣẹ́ àbí ẹni tó forúkọ sílẹ̀?

Bọ̀dá Bowie: Gbogbo wọn.

Ìyá Ìbejì Atlanta: Mi ò fara mọ́ ọn o. Wọ́n san ti gbogbo èèyàn fún èmi náà, ìdajì ò yọjú, nígbà tí ọdún yípo ọ̀gá wọn ní kí lòun ń sanwó fún, wọ́n bá kó gbogbo wọn kúrò lẹ́ẹ̀kan náà.

Bọ̀dá Bowie: Owó kọ́ ló fà á, àǹtí. Ẹ ò lọ bá wọn ni. Àwọn aide tó ń lọ tọ́jú èèyàn nílé yẹn ń ti ṣíìfù kan bọ́ sí òmíì, ta ló máa wakọ̀ wá bá yín? Ọjọ́ tí wọ́n bá ń ṣe tréníìnì ni kẹ́ ẹ gbé ẹ̀rọ bípí lọ sí ọ́fíìsì wọn, kẹ́ ẹ pe fóònù kálukú níbẹ̀ kí nọ́ńbà yín lè wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ti tẹ̀ yín láago lálẹ́ tẹ́ ẹ gbé e, kò ní jẹ́ kí ọ̀gá ẹ̀ gé DPC mọ́.

Dallas Boy: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè ti HSA náà o, àkáǹtì téèyàn ń fi owó ìtọ́jú ara pa mọ́ sí láìsan owó orí lórí ẹ̀. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní July 2025 ló jẹ́ kí ẹni tó ní HSA lè wà nínú DPC láti January 2026, àmọ́ owó ẹ̀ ò gbọdọ̀ ju $150 lóṣù lọ fún ẹnì kan, $300 tó bá jẹ́ ẹbí. Ẹ má da owó oògùn pọ̀ mọ́ ọn. Àwọn màmá wa tó ti lé ní 65 tí wọ́n ṣì ń ṣe aide ńkọ́? Ṣé ẹ ti opt out (kúrò pátápátá) ní Medicare, ìbánigbófò ìjọba fún àwọn àgbà, kẹ́ ẹ tó lè gba owó DPC lórí wọn?

Dókítà Katy: Yéè! Rárá o. Mo ṣì ń lọ nursing home, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ní wíkẹ́ẹ̀ndì, Medicare ló ń san tibẹ̀.

Bọ̀dá Bowie: Ọ̀ràn rèé. Tẹ́ ẹ bá opt out, ọdún méjì gbáko ni, ó sì máa kan nursing home yẹn. Ẹ wá lọ́yà kí Mọ́ńdè tó pé.

Dallas Boy: Houston ṣá! Gbogbo ilé tó wà ní Bissonnet ló ti di home care.

Dókítà Katy: Ẹ fi Houston sílẹ̀ jàre. Ṣebí ọ̀dọ̀ wa lẹ ti ń wá jẹ àmàlà.

Bọ̀dá Bowie: Àmàlà wo? Ẹ wá sí Lanham ní Maryland kẹ́ ẹ wá wo àmàlà.

Ìyá Ìbejì Atlanta: Ìbàdàn lẹ ń rán mi létí yìí. Kọ́ńpìnnì bàbá mi ló ń sanwó dókítà wa ní Mọ́kọ́lá, káàdì lásán la máa ń mú lọ, wọ́n sì mọ orúkọ gbogbo wa láti orí àkọ́bí dé àbígbẹ̀yìn. Àárò wọn ń sọ mí o.

Bọ̀dá Bowie: Retainer là ń pe ìyẹn nílé! Òótọ́ ni o, kò sí nǹkan tuntun nínú DPC yìí. Àwọn tiwa n'Íkẹjà, kó o tó jókòó wọ́n ti fa chloroquine sínú abẹ́rẹ́.

Dallas Boy: Ẹ̀gbọ́n, ara ti ń yún mi!

Ìyá Ìbejì Atlanta: Màmá mi á ní kí n má họ ọ́ o, wọ́n á máa fi àdí ra gbogbo ara mi. Ta ló ń bọ̀ láti Ìbàdàn lóṣù yìí, kó bá mi gbé èlùbọ́?